Àmì dúdú ní gìgísẹ̀ ìyá mi: ta ló ń bá èèyàn yẹ awọ ara wò l'Ékòó?

Àdùkẹ́_Ìdúmàgbò (Ajé, 8:12 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá mi ti ń ta aṣọ ní Balógun láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹni ọdún 63 ni wọ́n. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí a kọ́kọ́ rí àmì dúdú kan ní gìgísẹ̀ òsì wọn. Nígbà yẹn kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. A ní lálì tí wọ́n lé nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi ni kò tíì ṣí tán. Wọ́n ní rárá, ọ́ìlì mọ́tò ni àwọn tẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà.

Lálaalẹ́ tí wọ́n bá ti ọjà dé, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, wọ́n á fi ọṣẹ dúdú pa á, wọ́n á wá mú òkúta ìfọsẹ̀, wọ́n á máa ha á. Ìró rẹ̀ kò tíì kúrò létí mi. Èmi náà ti bá wọn ha á rí, mo fi gbogbo agbára mi ha á. Kò ṣí. Ńṣe ló ń fẹ̀. Apá kan dúdú bí èédú, apá kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, etí rẹ̀ sì rí jágbajàgba bí ìgbà tí tádàwà bá dà sórí ìwé.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, wọ́n bọ́ sílípáàsì, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Kẹ́míìsì fún wọn ní ìpara làpálàpá, wọ́n fi pa á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Erékùṣù, wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò, wọ́n ní kò sí ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n wẹ egbò, wọ́n dì í, ó tán. Ibi kẹta tí a lọ ni dókítà kékeré kan ti ní kí wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀, ó wo ó títí, ó wá ní, "Mọ̀mí, ta ló sọ fún yín pé egbò nìyí?" Ó gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí làábù. Èsì tó jáde ni melanoma, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ ara tó ń ti inú sẹ́ẹ̀lì tó ń mú awọ wa dúdú bẹ̀rẹ̀. Ó di ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n tún mú kókó kan níbi tí itan ti pàdé ikùn lọ yẹ̀ wò. A ń retí èsì.

Ìbéèrè mi: èmi àti àwọn àbúrò mi mẹ́ta, níbo la ti lè lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó yẹ awọ wa wò? Kí ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká lọ?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó (Ajé, 8:40 àárọ̀)

Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ọlọ́run á gbé mọ̀mí dìde. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé àrùn òyìnbó ni jẹjẹrẹ awọ, pé dúdú tí a dúdú yìí ni agbòjò wa. Bàbá mi fi 40 ọdún pẹja láàárín oòrùn ní Mákòkó, awọ wọn kò ní nǹkan kan. Ṣé èsì làábù yẹn dá yín lójú? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín?

Nọ́ọ̀sì_Awọ (Ajé, 9:25 àárọ̀)

Àdùkẹ́ mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ọdún 14 ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, mẹ́fà nínú rẹ̀ ní kíléènì awọ ara ní Mẹ́ńláǹdì níbí, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ fara balẹ̀ kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó, ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Dúdú awọ ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń kà á, melanoma ń mú òyìnbó ju aláwọ̀ dúdú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ yín sókè kí ẹ wò ó. Ṣé ó dúdú tó apá yín? Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná, ibẹ̀ gan-an ni melanoma ti sábà máa ń yọ lára àwa dúdú. Kì í ṣe oòrùn ló ń fa irú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ iwájú orí àti apá nìkan kò lè rí i láé.

Ẹ rántí Bob Marley. Ọdún 1977 ni wọ́n rí tirẹ̀ lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó ti rò pé bọ́ọ̀lù tí òun ń gbá ló ṣe òun léṣe. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn gé ọmọ-ìka náà, kò gbà. Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981 ló kú, ẹni ọdún 36. Ṣé a ṣì lè ní àrùn òyìnbó nìkan ni?

Ohun tó ń pa àwọn èèyàn wa kì í ṣe pé àrùn náà pọ̀ lára wa. Kò pọ̀. Pípẹ́ ni. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti fi ìpara, ewé, ìyẹ̀fun àti òkúta ìfọsẹ̀ bá a jà fún ọdún kan, ọdún méjì, ó sì ti ń wọlẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Èyí tí kò tíì jìn nínú awọ, gígé ni wọ́n máa ń gé e kúrò, ẹni náà á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ.

Ní ti ibi tí ẹ máa lọ: kíléènì awọ ara wà ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà, ó wà ní LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà. Ẹ lè kọ́kọ́ rí dókítà ní ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà tó bá sún mọ́ yín, kó kọ lẹ́tà fún yín. Ẹ sọ ohun tó ṣe mọ̀mí fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Ẹ má ní "ara ń yún mi" kí wọ́n lè tètè dá yín lóhùn.

Bí ẹ bá débẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ bọ́ aṣọ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹ lè ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Dókítà á wò yín láti àárín irun dé àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀: ẹ̀yìn etí, inú ẹnu, abẹ́ ọmú, ìdí, àtẹ́lẹsẹ̀, èékánná lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ ṣí ọ̀dà èékánná kúrò nílé, ẹ má sì ṣe wíìfù lọ. Ó ní awò kékeré kan tó ní iná, tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Òun ló máa gbé lé àmì kọ̀ọ̀kan. Kò dun èèyàn rárá. Ó máa wò ó bóyá ìdajì àmì náà bá ìdajì kejì dọ́gba, bóyá etí rẹ̀ gún, bóyá àwọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, bóyá ó ti fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, ìyẹn bí ìrésà ìdí pẹ́ńsùlù. Èyí tó ká mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni: ṣé ó ń yí padà? Àmì tó wà lára yín láti kékeré tí kò yẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó ń yí, ẹ gbé e wá.

Bí ọ̀kan bá kọ dókítà lóminú, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ mọ ìrora, wọ́n á gé ẹyọ bíńtín, wọ́n á rán an lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ ó sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Làábù ló máa sọ ìyókù.

Ṣómólú_Àfín (Ajé, 11:03 àárọ̀)

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti jẹjẹrẹ tí kì í ṣe oòrùn ló fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa.

Àfín ni mí. Nígbà tí ìyá mi bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, gbogbo àdúgbò ló gbà wọ́n nímọ̀ràn. Wọ́n ní ẹni òrìṣà ni wá, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀. Odidi 21 ọdún ni mo fi jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn tó sọ fún ìyá mi pé akẹ̀tẹ̀ àti aṣọ alápá gígùn ló yẹ kí wọ́n rà fún wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ta káàdì fóònù ní Òṣòdì, ìdúró gbọọrọ nínú oòrùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nǹkan kan yọ sí etí ọ̀tún rẹ̀ lókè, ó dà bí ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ èèyàn. Ó gbẹ, èépá bọ́, ó tún yọ. Báyìí ló ṣe fún ọdún méjì. Ó fi fìlà bò ó. Nígbà tí fìlà kò bò ó mọ́, ó fi áńkáṣífù dì í. Ìgbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tó gbé e lọ. Ó ti wọ ọrùn. Ẹni ọdún 34 ló wà nígbà tí a sin ín.

Lára àfín, ibi tí oòrùn ń bà ni kí ẹ máa wò: ojú, etí, ètè, ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́. Awọ wa kò ní agbòjò yẹn rárá, láti ọmọ ọwọ́ ni oòrùn ti ń kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mo ń lọ fún dókítà awọ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rí ibi gbígbẹ mẹ́ta ní iwájú orí mi, ó ń ha ọwọ́ bí ìwé sáńpépà. Wọn kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Dókítà fi náítírójìn olómi fọ́n ọn, òtútù tó ta mí bí iná. Ìṣẹ́jú mélòó kan, ó parí. Etí ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń rò ní gbogbo ìgbà tí mo jókòó síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fọ́n nǹkan yẹn sí tirẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, à bá jọ máa sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹni tó bá ní ọmọ àfín nílé: sunscreen, ìyẹn ìpara tó ń dènà oòrùn, tó jẹ́ SPF 30 sókè (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bó ṣe lágbára tó), ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì méjì bó bá wà níta. Akẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́tí gbòòrò, kì í ṣe fìlà bọ́ọ̀lù, torí ìyẹn kò bo etí. Ẹ bẹ tíṣà kó má mú un dúró sórí ìlà láàárín oòrùn, pàápàá láti aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Kí òjò ṣú kò ní ká má pa á o, ìtànṣán yẹn ń gba inú ìkúukùu kọjá. Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ni àjọ UN yà sọ́tọ̀ fún àwa àfín láti ọdún 2015, àwọn ẹgbẹ́ sì máa ń ṣe àyẹ̀wò awọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní àyíká ìgbà yẹn. Ẹ máa fetí sílẹ̀.

Ọ̀ṣọ́_Èékánná (Ajé, 1:17 ọ̀sán)

Ṣómólú, omi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ̀gbọ́n yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo ń ṣe èékánná lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tẹ́júoṣó, ó di ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí ìlà dúdú tó ti ìdí èékánná lọ dé orí rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ló pọ̀ jù lára wọn. Oníbàárà kan wà tí tirẹ̀ wà ní àtàǹpàkò ọwọ́ nìkan. Ó ní kí n fi ọ̀dà pupa bò ó torí àpéjẹ, mo sì bò ó. Nígbà tó padà wá, mo rí i pé dúdú náà ti tú jáde sí ẹran tó yí ìdí èékánná ká. Mo tún bò ó. Mi ò mọ̀. Ṣé gbogbo ìlà dúdú ni kí n máa lé lọ sí ilé ìwòsàn ni?

Nọ́ọ̀sì_Awọ (Ajé, 1:50 ọ̀sán)

Rárá o, ẹ má lé gbogbo wọn. Lára àwa dúdú, ìlà lórí èékánná wọ́pọ̀ gan-an, bí ọjọ́ orí bá sì ṣe ń gòkè ló ń pọ̀ sí i. Bó bá wà lórí ọ̀pọ̀ èékánná, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó gún, tó ti pẹ́ níbẹ̀, kò sí wàhálà. Èyí tó dá wà lórí ìka kan ṣoṣo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára àgbàlagbà, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tó ń la èékánná, òun ni kí ẹ ṣọ́. Èyí tí ẹ ṣàlàyé yìí, tí dúdú rẹ̀ ti tú sí ẹran ìdí èékánná, ẹ pè é lónìí. Ẹ má dúró de ìgbà tó máa tún wá kun èékánná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ ẹsẹ̀ fún èèyàn àti àwọn tó ń gé èékánná kiri àdúgbò, tí wọ́n ń pa àlùmọ́gàjí kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ̀yin lẹ ń rí àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ará Èkó ju dókítà èyíkéyìí lọ. Ó máa ń wù mí ká kó gbogbo yín jọ sójú kan ká fi àwòrán hàn yín.

Ọ̀ṣọ́_Èékánná (Ajé, 2:05 ọ̀sán)

Mo ti pè é. Kò gbé e. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́.

Baba_Rewire (Ajé, 7:48 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọ̀sán, mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀.

Ọdún 1998 ni sítóòfù kẹrosíìnì gbiná mọ́ mi lára ní Mushin. Àpá iná wà ní ojúgun mi ọ̀tún láti ìgbà yẹn, ó nípọn, ó ń dán. Kò yọ mí lẹ́nu. Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ibì kan láàárín àpá náà ti là, kò sì jiná. Etí rẹ̀ ga sókè bí etí àwo. Ìyàwó mi ń bá mi da ìyẹ̀fun àgúnmu sí i. Àwọn kan ní oògùn tí wọ́n fi dè mí lọ́nà ni mo tẹ̀. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe, orí àkàsọ̀ ni mò ń wà láti àárọ̀, mo ní ìdúró ló fà á. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Nọ́ọ̀sì_Awọ (Ajé, 8:02 alẹ́)

Bàbá, ó kàn yín. Mo ti fi oúnjẹ sílẹ̀ láti dá yín lóhùn.

Àpá iná tó ti pẹ́, tó wá là, tí kò jiná, tí etí rẹ̀ ń ga, jẹjẹrẹ lè yọ níbẹ̀. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn iná ló sábà máa ń jẹ́. Dókítà ará Faransé kan, Marjolin, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, láti ọdún 1828 tó ti kọ nípa irú egbò bẹ́ẹ̀. Mi ò ní òun náà ló wà lẹ́sẹ̀ yín. Egbò lè kọ̀ láti jiná fún ìdí míì. Ṣùgbọ́n gígé díẹ̀ lọ sí làábù nìkan ló lè sọ, ìyẹ̀fun kò lè sọ ọ́. Ẹ dá ìyẹ̀fun dúró lálẹ́ yìí. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ fi aṣọ ìdìgbò mímọ́ dì í, kí ẹ lọ gba káàdì ní ilé ìwòsàn lọ́la. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n gé e yẹ̀ wò. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó (Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Mo yí àtẹ́lẹsẹ̀ mi sókè lálẹ́ àná. Ọdún 47 ni mo ti ń fi í rìn, n kò wo ó rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ lánàá. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé gbogbo wa ló yẹ kó máa lọ bọ́ aṣọ fún dókítà lọ́dọọdún? Owó kádì, owó ọkọ̀, odidi ọjọ́ kan lórí ìlà, kò rọrùn fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Nọ́ọ̀sì_Awọ (Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Ìbéèrè yín dára. Ní 2023, ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn dókítà Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí irú nǹkan báyìí ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti sọ bóyá yíyẹ gbogbo èèyàn tí kò ní àmì kankan wò ń ṣe ìrànwọ́. Nítorí náà mi ò ní lé gbogbo Èkó lọ sí kíléènì, àyè kò tiẹ̀ sí. Lójú tèmi, àfín gbọ́dọ̀ máa lọ déédéé. Ẹni tó ti ní i rí, ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní i, ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún tó ń lo oògùn tó ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, ẹni tó ní àpá iná tàbí egbò tó ti pẹ́, kí wọ́n lọ. Ẹni tó bá sì rí nǹkan tó ń yí padà, kó lọ, ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́.

Ìyókù wa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn ìwẹ̀, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Ẹ gbé dígí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè rẹ̀ kí ẹ lè rí àtẹ́lẹsẹ̀ yín nínú rẹ̀. Kí ọkọ wo ẹ̀yìn ìyàwó, kí ìyàwó wo ti ọkọ. Ẹ fi fóònù ya àmì tó bá kọ yín lóminú, ẹ gbé rúlà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ lè mọ̀ bó bá fẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Mama_Tọ̀míwá (Ìṣẹ́gun, 9:44 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bóra, ẹ̀ ń bọ́ agbòjò yẹn sọnù fúnra yín ni. Mo bóra fún ọdún 11, ní Agége. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, mo mọ ohun tó ń mú èèyàn ṣe é. Dókítà tó wo ojú mi sọ pé ìpara tí mò ń rà lọ́jà, àpòpọ̀ tí ẹnì kan pò nínú ike láìkọ nǹkan sí i lára, lè ní mákúrì nínú. Mo ti jáwọ́. Mo ti gbà pé èmi náà wà lára àwọn tó yẹ kó máa lọ wo awọ.

Àdùkẹ́_Ìdúmàgbò (Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Èsì kókó itan mọ̀mí dé: kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ka ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọ́n á ṣì máa lọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún àyẹ̀wò.

Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ lọ́jọ́ Ajé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la ti wà lórí ìlà, aago kan ọ̀sán la wọlé. Ìtìjú mú mi nígbà tí mo bọ́ aṣọ, ṣùgbọ́n dókítà obìnrin ni, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ọjà bó ṣe ń wò mí. Ó pín irun mi sí ọ̀nà ọ̀nà. Ó fi jẹ́ẹ̀lì tútù díẹ̀ pa gìgísẹ̀ mi, ó gbé awò náà lé e. Ó jẹ́ kí èmi náà wo inú rẹ̀: àwọn ìlà àtẹ́lẹsẹ̀ mi tò bí poro ebè, àmì kan sì wà láàárín poro, ó ń bá a lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní bó ṣe ń tẹ̀ lé inú poro yẹn, àmì rere ni, pé èyí tí kò dára sábà máa ń gba orí ebè. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Èmi àti àwọn àbúrò mi obìnrin kò ní nǹkan kan. Àbúrò mi ọkùnrin ní ìlà kan ní àtàǹpàkò ọwọ́ òsì, mìlímítà méjì. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá ní oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì lòun náà á máa fi fóònù yà á.

Mọ̀mí ti padà sí ọjà, wọ́n ń rìn tìrọ̀tìrọ̀. Àwọn ìyá tó wà ní ìlà tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó bọ́ bàtà. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta léèsì ń bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà lọ́la.

Baba Rewire, ẹ ò tíì sọ tiyín fún wa o. Ọ̀ṣọ́_Èékánná, ṣé ó ti gbé fóònù?

Ọ̀ṣọ́_Èékánná (Ọjọ́bọ̀, 5:52 ìrọ̀lẹ́)

Ó gbé e. Ó ti rí dókítà. Wọ́n fẹ́ gé e yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni mo máa bá a lọ.

Baba_Rewire (Ọjọ́bọ̀, 9:10 alẹ́)

Mo wà. Wọ́n gé e ní ojú mẹ́rin yíká etí egbò náà ní Ìṣẹ́gun. Abẹ́rẹ́ nìkan ni mo mọ̀ lára. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kí n fún làábù. Màá kọ ọ́ síbí lọ́jọ́ tó bá dé.